Ìmọ̀ Tó Fọ́n Káàkiri: Àgbéyẹ̀wò Ìtọ́jú Àwọn Ọmọ Akanda ní Òkè-Ògùn

Bí ọmọ kan bá pé ọdún mẹ́rin ní Ìgbòho tàbí ní Kìṣí tí kò tíì lè pe ìyá rẹ̀, tí kò sì tíì lè dá jókòó, kì í ṣe pé àwọn tí yóò dá sí ọ̀rọ̀ rẹ̀ ṣọ̀wọ́n. Wọ́n pọ̀ ju bí àlejò ṣe lè rò lọ. Agbẹ̀bí tó gbẹ̀bí rẹ̀ mọ̀ bóyá ó ké lọ́jọ́ tí wọ́n bí i tàbí kò ké. Nọ́ọ̀sì tó fún un ní abẹ́rẹ́ àjẹsára mọ̀ bóyá ojú rẹ̀ pọ́n ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́. Ìyá rẹ̀ mọ ọjọ́ tí gìrì kọ́kọ́ gbé e. Wòlíì tàbí àáfà tó gbàdúrà fún un ti gbọ́ ohun tí ìyá náà kò sọ fún nọ́ọ̀sì. Oníṣègùn ìbílẹ̀ mọ àgbo tó ti mu. Olùkọ́ jẹ́lé-ó-sinmi mọ̀ pé ọmọ náà a máa yíjú bí a bá fi orin pè é. Físíò kan tó wà ní ilé ìwòsàn ìlú mìíràn mọ bí a ṣe ń gbé irú ọmọ bẹ́ẹ̀ jókòó tí oúnjẹ kò fi ní gba ọ̀nà ọ̀fun òdì. Olúkúlùkù wọn ló ní ohun tó mọ̀, ṣùgbọ́n kò sí ọ̀kan nínú wọn tó mọ ohun tí ẹnì kejì mọ̀, ọmọ náà sì wà láàárín gbogbo wọn bí ẹni tí kò ní olùtọ́jú kankan.

Ohun tí mo fẹ́ fi hàn nínú àgbéyẹ̀wò yìí kò ju ẹyọ kan lọ. Àìtó onímọ̀ kọ́ ni ìṣòro tó ṣáájú nínú ìtọ́jú àwọn tó ní ìpèníjà òye àti ìdàgbàsókè ní Òkè-Ògùn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn onímọ̀ kò tó lóòótọ́. Èyí tó ṣáájú ni ọ̀nà tí ìmọ̀ ń gbà rìn. Ohun tí a ṣaláìní jù ni ìjókòó tó fẹsẹ̀ múlẹ̀, tí àwọn tó ń fọwọ́ kan àwọn ọmọ wọ̀nyí yóò ti máa gbé ọ̀rọ̀ ọmọ kan ṣoṣo kalẹ̀ lóòrèkóòrè, kí oníkálùkù sọ ohun tó rí, kí wọ́n sì padà wá jẹ́rìí sí ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn tí wọ́n túká. Bí a bá rán dókítà ogún lọ sí Ṣakí lónìí láìsí irú ìjókòó bẹ́ẹ̀, èèyàn ogún mìíràn la fi kún àwọn tó ń dá mọ̀ láìsọ fún ara wọn.

Ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe kékeré. Ní 2018, àwọn onímọ̀ tí Dókítà Bọ́lájokò Olúsànyà ti ìlú Èkó ṣáájú wọn gbé ìṣirò kan jáde nínú ìwé ìròyìn Lancet Global Health. Wọ́n ka wárápá, àìgbọ́ràn, àìríran, ọ́tísíìmù àti ìpèníjà òye mọ́ ara wọn, wọ́n sì rí i pé ní 2016 àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún tí irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ń bá fínra tó mílíọ̀nù 52.9 lágbàáyé. Nínú ọgọ́rùn-ún irú ọmọ bẹ́ẹ̀, 95 ló wà ní àwọn orílẹ̀-èdè tí owó kò pọ̀ níbẹ̀. Òkè-Ògùn, ìjọba ìbílẹ̀ mẹ́wàá láti Ìsẹ́yìn títí dé Kìṣí, kò yọ sílẹ̀ nínú ìṣirò yẹn. Síbẹ̀ a kò lè sọ pé ìmọ̀ jìnnà sí i. Láti ọdún 1970 ó lé díẹ̀ ni Yunifásítì Ìbàdàn ti ń kọ́ àwọn olùkọ́ tí yóò kọ́ àwọn ọmọ akanda. Kọ́lẹ́ẹ̀jì ìjọba àpapọ̀ tó wà fún irú ẹ̀kọ́ àkànṣe yìí, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1977, wà nínú ìlú Ọ̀yọ́, ọkọ̀ láti Ìsẹ́yìn kì í sì í pẹ́ débẹ̀. Ní Yunifásítì Ìbàdàn kan náà, Ọ̀jọ̀gbọ́n Ọláyínká Omígbódùn àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dá ibùdó sílẹ̀ fún ìlera ọpọlọ àwọn ọmọdé àti ọ̀dọ́, àwọn ará orílẹ̀-èdè Áfíríkà mìíràn sì ń wá kẹ́kọ̀ọ́ níbẹ̀. Títì Mọ́níyà sí Ìsẹ́yìn, kìlómítà 65, tó ti fìyà jẹ àwọn arìnrìn-àjò rí, ti di títì gidi báyìí. Ìmọ̀ wà nítòsí. Àmọ́ kò yà ní Ìsẹ́yìn, kò sì dé Ìgbẹ́tì.

Bí ó bá tilẹ̀ rìn, ọ̀nà kan ṣoṣo ló máa ń gbà. Àwọn onímọ̀ wá láti Ìbàdàn lọ sí Igbó-Ọrà, ìlú Ìbàràpá tó jẹ́ aládùúgbò Òkè-Ògùn, ibi tí yunifásítì náà ti ní ètò ìlera àwọn ará oko láti 1963. Níbẹ̀ ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Káyọ̀dé Ọ̀ṣúntókun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti lọ láti ilé dé ilé láti mọ iye àwọn tó ní wárápá, èsì tí wọ́n sì tẹ̀ jáde ní 1987 ni pé ènìyàn 5.3 ni nínú ẹgbẹ̀rún. Iṣẹ́ ńlá ni, mo sì ń fi ọ̀wọ̀ sọ ọ́. Gbogbo àgbáyé ló ń tọ́ka sí i títí di òní. Ṣùgbọ́n irú ìmọ̀ bẹ́ẹ̀ a máa kúrò lẹ́nu ọ̀nà aráàlú lọ sínú ìwé àwọn onímọ̀, díẹ̀ ló sì máa ń padà sọ́dọ̀ olùkọ́ tí ọmọ kan ṣubú lulẹ̀ ní kíláàsì rẹ̀, tí ìtọ́ ń yọ lẹ́nu rẹ̀, tí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ sì ti sá jáde nítorí wọ́n gbà pé yóò ràn wọ́n.

Àpẹẹrẹ tó dùn mí jù lọ ni ti jọ́ńdíìsì ọmọ tuntun, nítorí pé ó wà lára àwọn ohun tó ń sọ ọmọ di akanda tí a sì lè dènà rẹ̀ pátápátá. Bí ojú àti awọ ọmọ bá pọ́n ju bó ṣe yẹ lọ, tí a kò sì tètè tọ́jú rẹ̀, ohun tó ń pọ́n ọn lára náà lè wọ inú ọpọlọ, kó ba ibi tó ń darí ara àti ìgbọ́ràn jẹ́. Ọmọ tó bá yè é lè di ẹni tí ara rẹ̀ ń le gbandi, tí kò gbọ́ràn, tí kò sì lè sọ̀rọ̀. Ewu náà pọ̀ láàárín wa, nítorí nǹkan bí ọmọkùnrin kan nínú márùn-ún ni èròjà kan tí wọ́n ń pè ní G6PD kò tó nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, káńfọ̀ tí a fi sáàárín aṣọ ọmọ sì tó láti mú kí ẹ̀jẹ̀ irú ọmọ bẹ́ẹ̀ máa fọ́. Iná àrà ọ̀tọ̀ ni wọ́n fi ń tọ́jú rẹ̀ nílé ìwòsàn, iná mànàmáná wa kò sì ṣeé gbọ́kàn lé. Ìdí nìyẹn tí Dókítà Tina Slusher, Dókítà Olúsànyà àti àwọn tó bá wọn ṣiṣẹ́ fi gbé ìwádìí kan kalẹ̀ ní ilé ìgbẹ̀bí kan ní Èkó. Wọ́n tẹ́ àwọn ọmọ sábẹ́ àtíbàbà tí a fi ọ̀rá àkànṣe bò, èyí tó ń sẹ́ ìtànṣán tó léwu kúrò lára oòrùn tó sì ń jẹ́ kí èyí tó ń wo ọmọ sàn kọjá. Èsì tó jáde nínú New England Journal of Medicine ní 2015, lórí ọmọ 447, ni pé oòrùn tí a sẹ́ yìí ṣiṣẹ́ ní ìdá 93 nínú ọgọ́rùn-ún ọjọ́ tí wọ́n fi tọ́jú, nígbà tí iná ilé ìwòsàn ṣiṣẹ́ ní ìdá 90. Ní 2018, ìwádìí mìíràn lórí àwọn ọmọ tí tiwọn le jù bẹ́ẹ̀ lọ jáde, Ògbómọ̀ṣọ́ ni wọ́n sì ti ṣe é, ní ilé ìwòsàn Yunifásítì Bowen, tó jẹ́ ilé ìwòsàn àwọn Onítẹ̀bọmi.

Àwọn Onítẹ̀bọmi kan náà ló ni ilé ìwòsàn Baptist tó wà ní Ṣakí. Ẹ̀rí wà, ibi tí wọ́n ti rí i wà nínú ìpínlẹ̀ kan náà, ìjọ kan náà ló sì ni ilé ìwòsàn méjèèjì. Ìbéèrè tó yẹ ká bi ara wa ni pé agbẹ̀bí mélòó ní Àgó-Àrẹ tàbí Ṣẹ̀pẹ̀tẹ̀rí ló ti gbọ́ pé káńfọ̀ kò yẹ aṣọ ọmọ, pé sísá ọmọ sí oòrùn òwúrọ̀ lásán kò tó, àti pé ọmọ tí ojú rẹ̀ bá pọ́n kí ó tó pé ọjọ́ kan láyé kò gbọ́dọ̀ sùn nílé? Ìmọ̀ tó lè gba ọpọlọ ọmọ là kò gbọdọ̀ dúró sí Ògbómọ̀ṣọ́.

Ìmọ̀ tó burú kì í dúró síbì kan ní tirẹ̀. Láti àwọn ọdún 1970 ni àwọn onímọ̀ ní Ìbàdàn, D. D. O. Oyèbọ̀lá lára wọn, ti ń kọ nípa àgbo ìtọ̀ màálù tí wọ́n ń bù fún ọmọ tí gìrì bá gbé: ewé tábà, efinrin, ááyù, àlùbọ́sà, ọsàn wẹ́wẹ́ àti káún tàbí iyọ̀ òkúta, gbogbo rẹ̀ nínú ìtọ̀ màálù. Ó ń fa ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ wálẹ̀, ó ń mú ọmọ dákú, ọ̀pọ̀ tó sì jí kò jí bí wọ́n ṣe wà tẹ́lẹ̀. Àwọn mìíràn ń ti ẹsẹ̀ ọmọ bọ iná kí gìrì lè fi í sílẹ̀. Kò sí ìjọba tó pe ìpàdé lórí àwọn nǹkan wọ̀nyí, kò sí ẹni tó fún ìyá kankan ní ìwé ẹ̀rí lórí wọn, síbẹ̀ wọ́n dé gbogbo abúlé. Ìdí rẹ̀ kò ṣòro láti rí. Ẹnu ẹni tí ìyá mọ̀ tó sì fọkàn tán ló ti gbọ́ ọ, ní èdè rẹ̀, ní ìṣẹ́jú gan-an tí ọmọ ń jà pìtìpìtì lọ́wọ́ rẹ̀. Bí ìmọ̀ tó tọ́ yóò bá lé èyí tí kò tọ́ jáde, ọ̀nà yẹn náà ló gbọ́dọ̀ gbà.

Ẹ wá wo bí a ṣe ń pín ìmọ̀ tó tọ́. Lẹ́tà ìpè á dé ọ́fíìsì. Ọ́fíìsì á yan ẹnì kan, nígbà mìíràn kì í tilẹ̀ í ṣe ẹni tó ń fọwọ́ kan ọmọ. Ẹni náà á lọ sí Ìbàdàn tàbí Abùjá, wọ́n á fún un ní báàgì, ìwé àti owó ọkọ̀, wọ́n á fi èdè Gẹ̀ẹ́sì kọ́ ọ ní ohun tí yóò padà wá fi Yorùbá sọ fún ìyá ọmọ, á sì gba sàtífíkéètì bọ̀. Kò sí ẹni tí yóò bi í ní ohun tó kọ́. Bó bá ṣe díẹ̀, wọ́n á gbé e lọ sí ìjọba ìbílẹ̀ mìíràn, tàbí kí ó bá àwọn tó ń rìnrìn-àjò lọ òkè òkun, ohun tó kọ́ á sì bá a lọ nítorí kò sí ìwé àkọsílẹ̀ kankan tó fi sílẹ̀ fún ẹni tó gba àyè rẹ̀. Mi ò sọ pé ìdánilẹ́kọ̀ọ́ kò dára. Ètò mhGAP tí Àjọ Ìlera Àgbáyé bẹ̀rẹ̀ ní 2008 ní ìwé ìtọ́sọ́nà tí òṣìṣẹ́ ilé ìwòsàn alábọ́ọ́dé lè lò láti mọ ọmọ tí ìdàgbàsókè rẹ̀ falẹ̀. Àwọn onímọ̀ Nàìjíríà jókòó tì í, wọ́n tún un ṣe kó lè bá ilẹ̀ wa mu, Ọ̀jọ̀gbọ́n Oye Gureje àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Ìbàdàn sì gbé e dé àwọn ilé ìwòsàn alábọ́ọ́dé ní ìjọba ìbílẹ̀ mẹ́jọ ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun. Ohun tó mú tiwọn yàtọ̀ ni pé wọn kò kọ́ni tán kí wọ́n máa lọ. Wọ́n padà wá wo àwọn tí wọ́n kọ́ lẹ́nu iṣẹ́, wọ́n sì tún wọn kọ́. Pípadà wá yẹn gan-an ni ọ̀pọ̀ ètò máa ń gé kúrò nígbà tí owó bá kù díẹ̀, òun sì ni kò yẹ kí a fọwọ́ kàn.

Ẹ̀rí wà láti ibòmíràn pé ìjókòó àjọṣe lè ṣe ohun tí ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo kò lè ṣe. Ní 2003, Sanjeev Arora, dókítà ẹ̀dọ̀ ní ìpínlẹ̀ New Mexico ní Amẹ́ríkà, rí i pé àwọn tó ní àrùn ẹ̀dọ̀ ní àwọn ìlú kéékèèké ń dúró fún ọ̀pọ̀ oṣù kí wọ́n tó rí òun. Ìpínlẹ̀ gbígbòòrò ni, ìlú ibẹ̀ jìnnà síra, àwọn onímọ̀ sì kóra jọ sí ìlú ńlá kan. Dípò kó kó àwọn aláìsàn wá, ó ń bá àwọn dókítà àti nọ́ọ̀sì ìgbèríko ṣe ìpàdé lórí fídíò lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀: oníkálùkù á gbé aláìsàn tirẹ̀ kalẹ̀ láìdárúkọ rẹ̀, gbogbo wọn á sì jọ gbìmọ̀. Èsì tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2011 lórí aláìsàn 407 fi hàn pé ní ilé ìwòsàn yunifásítì, ìdá 57.5 nínú ọgọ́rùn-ún ló rí ìwòsàn. Ní àwọn ilé ìwòsàn ìgbèríko àti ẹ̀wọ̀n tó ń bá wọn jókòó, ìdá 58.2. Aláìsàn ìgbèríko kò pàdánù ohunkóhun nítorí pé kò rìnrìn-àjò.

Ẹni tó bá fẹ́ tako mi kò ní ṣàì rántí pé ẹ̀dọ̀ kì í ṣe ọpọlọ. Òótọ́ ni, ẹ̀rí tiẹ̀ wà lọ́wọ́ irú ẹni bẹ́ẹ̀. Nígbà tí wọ́n gbé ọ̀nà Arora yìí wọ inú ìtọ́jú ọ́tísíìmù, tí wọ́n sì fi òṣìṣẹ́ ìlera 148 dán an wò ní Amẹ́ríkà àti Kánádà, èsì tó jáde nínú JAMA Pediatrics ní 2020 kò dùn tó bẹ́ẹ̀. Ìmọ̀ wọn pọ̀ sí i, ìgboyà wọn pọ̀ sí i, ṣùgbọ́n nígbà tí a yẹ ìwé àwọn ọmọ tí wọ́n tọ́jú wò, bí wọ́n ṣe ń ṣàyẹ̀wò ọmọ kò yí padà tó láti sọ pé ìpàdé náà ló yí i. Mo ka èsì yìí sí pàtàkì, mi ò sì fẹ́ kí a gbójú fò ó. Ohun tó kọ́ mi ni pé gbígbọ́ kò tíì di ṣíṣe. Ẹni tó bá kúrò nípàdé lọ bá ilé ìwòsàn tí ogójì ènìyàn jókòó sí, tí kò ní ìwé tí yóò kọ ọ̀rọ̀ ọmọ sí, tí kò sì sí ẹni tí yóò bi í lóṣù tó ń bọ̀ pé báwo ni ọmọ Kìṣí yẹn ṣe ń ṣe, á padà sí bó ṣe ń ṣe é tẹ́lẹ̀. Nítorí náà ni mo ṣe tẹnu mọ́ ọn pé àpérò gbọ́dọ̀ dá lórí ọmọ kan pàtó, kí ìpàdé tó tẹ̀ lé e sì bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìròyìn ọmọ yẹn kan náà. Níbi tí kò bá ti sí ìròyìn àbọ̀, ọ̀rọ̀ ẹnu lásán la pín.

Àtakò kejì ni pé kí ni àwọn ènìyàn tí kò mọ̀ fẹ́ pín fún ara wọn? Níbi tí kò ti sí dókítà ọmọdé tó mọ̀ nípa ọpọlọ, tí kò sí olùkọ́ ọ̀rọ̀ sísọ, ṣé àìmọ̀ lórí àìmọ̀ kọ́ ni? Ẹni tó bá ń sọ bẹ́ẹ̀ gbà pé orúkọ àìsàn nìkan ni ìmọ̀. Ṣùgbọ́n èyí tó pọ̀ jù nínú ìtọ́jú ọmọ akanda kì í ṣe orúkọ. Bí yóò ṣe jẹun tí kò fi ní há a lọ́fun ni, bí yóò ṣe mọ ìgbà tó yẹ kó lọ yàgbẹ́, bí yóò ṣe fi ọwọ́ tọ́ka sí ohun tó fẹ́ dípò kó máa gbá orí mọ́ ògiri, bí yóò ṣe jókòó ní kíláàsì fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Àwọn ìyá ti ṣàwárí púpọ̀ nínú wọn ní kọ̀rọ̀ ilé wọn, kò kàn sí ẹni tó bi wọ́n ni. Àjọ Ìlera Àgbáyé mọ èyí nígbà tí wọ́n ṣe ètò ẹ̀kọ́ fún àwọn tó ń tọ́ ọmọ tí ìdàgbàsókè rẹ̀ falẹ̀: ìjókòó mẹ́sàn-án nínú ẹgbẹ́ àti ìbẹ̀wò mẹ́ta sí ilé, ẹni tí kì í ṣe dókítà sì lè darí rẹ̀ bí a bá kọ́ ọ tí a sì ń mójú tó o. Wọ́n ti gbé e lọ dán wò ní Kẹ́ńyà àti Etiópíà. Kò sí ohun kankan nínú rẹ̀ tí nọ́ọ̀sì Òkèhò tàbí olùkọ́ Tedé kò lè ṣe.

Ewu wà nínú ìmọ̀ ààbọ̀, mi ò jiyàn. Nọ́ọ̀sì tó gbọ́ nípa ọ́tísíìmù lẹ́ẹ̀kan lè bẹ̀rẹ̀ sí í rí i lára gbogbo ọmọ tó pẹ́ kó tó sọ̀rọ̀, títí kan ọmọ tó jẹ́ pé etí ni kò fi gbọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tó dá wà ni àṣìṣe rẹ̀ máa ń pẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ní àwùjọ, ẹnì kan á béèrè pé ṣé ẹ ti yẹ etí rẹ̀ wò? Ẹni tó mọ̀ jù ní Ìbàdàn tàbí ní Arò ní Abẹ́òkúta, tó ń gbọ́ wọn lórí fóònù, á sọ pé ẹ gbé ti ọ́tísíìmù tì ná. Íntánẹ́ẹ̀tì ti kó ìmọ̀ ààbọ̀ dé Òkè-Ògùn kí ẹnikẹ́ni tó pe àpérò. Àpérò ló lè tún un ṣe.

Èyí tó le jù ni ọ̀rọ̀ àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ àti àwọn ilé àdúrà. Àwọn dókítà kan kò fẹ́ bá wọn jókòó, mo sì mọ ìdí rẹ̀. Ní 2019, àjọ Human Rights Watch tẹ ìròyìn jáde lẹ́yìn tí wọ́n ṣàbẹ̀wò sí ibi 28 ní Nàìjíríà, tó fi mọ́ ilé ìwòsàn ìjọba, ilé àdúrà àti ilé oníṣègùn, níbi tí wọ́n ti bá àwọn ènìyàn nínú ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀, àwọn ọmọdé pàápàá wà lára wọn. Ta ló fẹ́ bá ẹni tó ń fi ẹ̀wọ̀n de ọmọ pín ìmọ̀? Síbẹ̀ ọ̀dọ̀ wọn ni àwọn òbí kọ́kọ́ ń lọ, a kò sì lè yí ohun tí a kò sún mọ́ padà. Thomas Adéoyè Lambo mọ èyí ní 1954 nígbà tó bẹ̀rẹ̀ ètò abúlé Arò ní Abẹ́òkúta, níbi tí àwọn aláìsàn ti ń gbé lọ́dọ̀ àwọn ará abúlé, tí ó sì pe àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ mọ́ra láìgbé ipò dókítà fún wọn. Láìpẹ́ yìí, Gureje àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dán irú àjọṣe bẹ́ẹ̀ wò ní Ìbàdàn àti ní Kumasi ní Gánà, láàárín òṣìṣẹ́ ilé ìwòsàn alábọ́ọ́dé àti àwọn oníṣègùn pẹ̀lú àwọn onílé àdúrà. Aláìsàn 307 ló wà nínú rẹ̀. Èsì tó jáde nínú Lancet ní 2020 ni pé ara àwọn tí wọ́n fi àjọṣe tọ́jú yá ju ti àwọn yòókù lọ. Àìsàn ọpọlọ ti àgbàlagbà ni wọ́n tọ́jú, kì í ṣe ìpèníjà òye ọmọdé, mi ò sì ní fi ọ̀kan pe èkejì. Ohun tí ẹ̀rí náà fìdí rẹ̀ múlẹ̀ ni pé ìjókòó náà ṣeé ṣe, ó sì lérè. Àmọ́ ó yẹ kó ní ẹnu ọ̀nà: ẹni tó bá ń de ọmọ, tó ń nà án, tó ń febi pa á tàbí tó ń ti ẹsẹ̀ rẹ̀ bọ iná gbọ́dọ̀ jáwọ́ nínú rẹ̀ kó tó di ọmọ ẹgbẹ́. Èyí kò ní àdéhùn nínú.

Àwọn kan á ní ìmọ̀ ni oúnjẹ wọn. Olùkọ́ ọ̀rọ̀ sísọ tó fi owó ara rẹ̀ kẹ́kọ̀ọ́, tó ṣí ilé ìtọ́jú tirẹ̀, èéṣe tí yóò fi kọ́ ẹlòmíràn lọ́fẹ̀ẹ́? Ìbéèrè náà tọ́, a kò sì gbọ́dọ̀ fi ẹ̀sùn ahun dá a lóhùn. Àwọn ahunṣọ Ìsẹ́yìn ló fún un lésì: ẹ̀gbẹ́ ara wọn ni wọ́n ti ń hun òfì, olúkúlùkù ń rí ọwọ́ ẹnì kejì, ọmọ iṣẹ́ ń kọ́ṣẹ́ lójú gbogbo ayé, òkìkí tí gbogbo wọn jọ ní ló sì ń fa oníbàárà wá láti ọ̀nà jíjìn. Ní ti ìtọ́jú ọmọ akanda, àwọn tó ń wá ìtọ́jú pọ̀ ju àwọn tó ń tọ́jú lọ débi pé kò sí ẹni tí ìmọ̀ ẹlòmíràn lè gba oníbàárà lọ́wọ́ rẹ̀. Síbẹ̀, ẹni tó bá fi àkókò rẹ̀ sílẹ̀ yẹ kí wọ́n san owó rẹ̀ fún un. Owó tí a ń ná lórí báàgì àti gbọ̀ngàn òtẹ́ẹ̀lì á tó o.

Ó ku ẹnì kan tó yẹ kó wà níbi ìjókòó náà, ẹni tí àwọn onímọ̀ sábà máa ń gbàgbé. Ẹgbẹ́ àwọn olùtọ́jú tó pẹ́ jù ní Amẹ́ríkà lórí ìpèníjà òye bẹ̀rẹ̀ ní 1876, nígbà tí àwọn dókítà tó ń darí ilé ìtọ́jú kóra jọ láti pín ohun tí wọ́n mọ̀. Kò sí òbí láàárín wọn, kò sì sí akanda kankan. Ní 1910 ẹgbẹ́ náà gba ètò Henry Goddard wọlé, èyí tó fi ìdánwò pín àwọn ènìyàn sí ìsọ̀rí tó sì fún ìsọ̀rí kọ̀ọ̀kan ní orúkọ tó di èébú títí di òní. Láti inú irú èrò bẹ́ẹ̀ ni òfin tó gba ìjọba láyè láti sọ àwọn ènìyàn di ẹni tí kò lè bímọ mọ́ ti rí àtìlẹ́yìn, ilé ẹjọ́ tó ga jù ní Amẹ́ríkà sì fọwọ́ sí i ní 1927. Àwọn ọ̀mọ̀wé tó ń pín ìmọ̀ fún ara wọn ni wọ́n, wọ́n sì pín àṣìṣe káàkiri pẹ̀lú ìtara kan náà. Àwọn òbí ló wá yí ọ̀rọ̀ padà: ní 1946, Judy Fryd, ìyá ọmọ kan tí kò rí ilé ìwé tó gbà á ní Bírítéènì, kó àwọn òbí bíi tirẹ̀ jọ, ẹgbẹ́ náà ló sì di Mencap. Ìdí nìyí tí mi ò fi gbà pé kí àpérò Òkè-Ògùn jẹ́ ti àwọn òṣìṣẹ́ nìkan. Kí ìyá wà níbẹ̀, kó ní ẹ̀tọ́ láti sọ pé ohun tí ẹ ní kí n ṣe lóṣù tó kọjá kò ṣeé ṣe pẹ̀lú ọjà mi. Kí àgbàlagbà tó jẹ́ akanda, tó lè sọ bí wọ́n ṣe ṣe sí òun nígbà tó wà lọ́mọdé, wà níbẹ̀ pẹ̀lú.

A kò gbọdọ̀ gbójú fo ọ̀rọ̀ àṣírí. Òfin Ìlera Orílẹ̀-èdè ti 2014 àti òfin ìdáàbòbò ìsọfúnni ti 2023 kò gba ẹnikẹ́ni láyè láti máa gbé ọ̀rọ̀ aláìsàn kiri. Ní ìlú kékeré, kò pọn dandan kí a dárúkọ kí wọ́n tó mọ ilé ẹni. Nítorí náà, gbígba àṣẹ lọ́wọ́ òbí ṣáájú, yíyọ orúkọ àti àdúgbò kúrò, àti kíkọ̀ jálẹ̀ láti fi fọ́tò ọmọ sórí WhatsApp gbọ́dọ̀ jẹ́ òfin ìjókòó náà láti ọjọ́ kìíní.

Òfin tó fún àwọn akanda lẹ́tọ̀ọ́ ti wà láti oṣù kìíní 2019, nígbà tí ààrẹ fọwọ́ sí òfin tó ka ìyàsọ́tọ̀ wọn léèwọ̀. Òfin ìlera ọpọlọ tuntun tẹ̀ lé e ní oṣù kìíní 2023. Kò sí ìkankan nínú méjèèjì tó lè sọ fún olùkọ́ Ìlérò bí yóò ṣe kọ́ ọmọ tí kò lè sọ̀rọ̀. Ìjókòó tí mò ń sọ kò gba owó ńlá: ilé ìwòsàn kan ní Ṣakí àti òmíràn ní Ìsẹ́yìn tó fún wọn ní yàrá lẹ́ẹ̀kan lóṣù, fóònù kan tó dé ọ̀dọ̀ onímọ̀ kan ní Ìbàdàn, ìwé àkọsílẹ̀ tí yóò dúró síbẹ̀ bí òṣìṣẹ́ bá tilẹ̀ lọ, àti Yorùbá gẹ́gẹ́ bí èdè ìpàdé, pẹ̀lú ògbufọ̀ fún àwọn ìyá Fúlàní àti Ìbàrìbá. Ohun tí wọ́n bá fẹnu kò lé lórí, kí rédíò Òkè-Ògùn tó wà ní Àlàgà gbé e sáfẹ́fẹ́. Àwọn alága ìjọba ìbílẹ̀ mẹ́wẹ̀ẹ̀wá lè bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ láìdúró de Abùjá. Mo bẹ̀ wọ́n, mo sì bẹ àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n Ìbàdàn àti àwọn olùkọ́ kọ́lẹ́ẹ̀jì Ọ̀yọ́: ẹ fi wákàtí méjì lóṣù sílẹ̀ fún Òkè-Ògùn, kí ìyá, nọ́ọ̀sì àti olùkọ́ jọ sọ̀rọ̀ lójú yín.